Àwòmọ́jú: Ibi Ìdúró Tí Wọ́n Yọ Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká ka ara wa wò. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ rí lálẹ́ pé, “Apá kan péré ni mo fẹ́ wò kí n tó lọ sùn,” tí ilẹ̀ wá mọ́ bá a nídìí tẹlifíṣọ̀n, kó nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Àwọn tí kò nawọ́ ò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọ̀gbẹ́ni tó ń tòògbé lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo fura pé àná ló wo tiẹ̀ mọ́jú.

Èmi náà nawọ́, ẹ rí mi. Àwọn tó pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí ò mọ̀ pé olùjẹ́jọ́ ni wọ́n lọ pè wá sórí àga adájọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ara mi.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó síwájú eré kan ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Eré ọ̀daràn ni, wọ́n ń wá ẹni tó pa adájọ́ kan. Mo fi tìmùtìmù sẹ́yìn, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo ní tí apá kìíní bá ti parí, ó di ibùsùn, torí iṣẹ́ ń dúró dè mí láàárọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọlọ́pàá tó ń wá apànìyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, ojú rẹ̀ yí padà, ó la ẹnu, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú. Ohun tó rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn ò fi hàn wá. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, òǹkà kékeré kan ti bẹ̀rẹ̀: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Rímóòtù wà lórí tábìlì iwájú mi, bí mo bá na apá, ọwọ́ mi á tó o. Mi ò na apá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò. Mi ò sọ pé mo fẹ́ wo apá kejì o. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò dá a dúró, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹni tó wọ ọkọ̀ lọ síbì kan àti ẹni tí ọkọ̀ gbé kọjá ibi tó ń lọ, àwọn méjèèjì ló rìn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló mọ ibi tó ń lọ nínú wọn. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe gbé mi kọjá ibùdókọ̀ mẹ́fà lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, àwòrán dúró gbári, ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣé mo ṣì ń wò ó. Mo rí ojú ara mi nínú dúdú ojú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ti ń yọ́ wọlé lẹ́yìn mi. Ní gbogbo òru náà, ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni bi mí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ ká tó máa lọ. Inú ọ̀rọ̀ ọtí làwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tó fi ìjókòó kan mu ọtí kọjá agbára rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ wíwo eré, wọ́n pè é ní binge-watch, ìwé atúmọ̀ èdè Collins sì mú un ní ọ̀rọ̀ ọdún 2015. Bí a bá fẹ́ tọ ipa wọn, a ó pè é ní àwòpara, bí a ṣe ń pe ti ọtí ní àmupara. Mo gbé ìyẹn yẹ̀ wò, mo sì fi sílẹ̀, torí ó ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwòmọ́jú ni mo mú: èèyàn ń wò ó, ilẹ̀ ń mọ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan lẹ fi wo tiyín, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Apá mélòó ló ń di àwòmọ́jú? Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní méjì ti tó, àwọn kan ní mẹ́ta, àwọn míì ní wákàtí ló yẹ ká kà. Èmi ò ka apá, mi ò ka wákàtí. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ibi tó o ní wàá dúró lo dúró sí? Ẹni tó mú ọjọ́ ìsinmi kan sọ́tọ̀, tó ní òun fẹ́ wo sáà kan tán látòkè délẹ̀, tó sì wò ó tán, tó dìde, tó lọ wẹ̀, mi ò rí ẹjọ́ lọ́rùn ìyẹn. Ẹni tó ní apá kan, tó wo mẹ́fà, òun lọ̀rọ̀ kàn.

Gígé ìtàn síbi tó dùn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ń tẹ ìtàn ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń gé e sí. Ní àwọn ọdún 1930, eré àtìgbàdégbà gba orí rédíò kan ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí orúkọ ọṣẹ fi lẹ̀ mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Gbogbo wọn ló ń fi ọkàn èèyàn kọ́ sókè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé e, ó gé nìyẹn. O lè bínú, o lè bú olóòtú, o ò lè rí èyí tó kàn kó tó di ọjọ́ rẹ̀. Wàá dìde, wàá lọ sùn. Ní gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ á máa jiyàn lórí ẹni tó pa adájọ́. Ìyàn jíjà yẹn gan-an jẹ́ ara adùn eré, a ò mọ̀ nígbà náà ni.

Fídíò dé. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS tẹ̀ lé e ní 1976, èèyàn wá lè gba eré sílẹ̀ kó wò ó nígbà tó bá wù ú. DVD tún dé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo sáà kan wà nínú páálí kan. Síbẹ̀, ẹ rántí pé bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti parí, o gbọ́dọ̀ dìde, kó o yọ ọ́, kó o ki òmíràn bọ inú ẹ̀rọ. Ìdìde yẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn lo máa wo aago, tí ẹsẹ̀ á rán ọ létí pé òun ti kú tipiri, tí wàá rí i pé gbogbo ilé ti sùn.

Netflix, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, DVD ló kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn nílé. Ní 2007 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2012, wọ́n ṣe é kí apá tó kàn lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n da gbogbo apá 13 tó wà nínú sáà àkọ́kọ́ House of Cards sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní 2017, wọ́n fi bọ́tìnì tó ń fo orin ìbẹ̀rẹ̀ kún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ: wọ́n yọ ọ̀sẹ̀ tí à ń dúró, wọ́n yọ ìdìde, wọ́n yọ bọ́tìnì títẹ̀, wọ́n sún orúkọ àwọn òṣèré tó ń gùn lọ sókè lẹ́yìn eré sí kọ̀rọ̀, wọ́n yọ orin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló jẹ́ ibi ìdúró. Kò sí èyí tí a sunkún nígbà tó lọ, a tiẹ̀ tún dúpẹ́.

Ní ọdún 2017 yẹn kan náà, Reed Hastings, ọ̀kan lára àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba fáwọn onídòókòwò pé oorun làwọn ń bá figagbága. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Èmi gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Wákàtí 24 ni gbogbo wa ní, iṣẹ́ ti mú tiẹ̀, ìrìn àjò ti mú tiẹ̀, èyí tó kù tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ni òru. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló ń dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Disney+ bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló sì padà sí fún ọ̀pọ̀ eré rẹ̀. Ẹ má rò pé nítorí ojú wa tó ń pọ́n ni o. Ẹni tó bá wo eré tán lálẹ́ ọjọ́ kan lè má san owó oṣù tó ń bọ̀.

Kí ló wá ń ṣe wá gan-an tá ò fi lè na apá sí rímóòtù? Ọ̀pọ̀ á ní ojúkòkòrò ni, tàbí ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Berlin, ní àwọn ọdún 1920. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ọ̀kan nínú wọn, Bluma Zeigarnik, kọ ọ́ ní 1927 pé èèyàn máa ń rántí iṣẹ́ tí kò tíì parí ju èyí tó ti parí lọ. Òun lorúkọ rẹ̀ ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà tí ọ̀rọ̀ eré àtìgbàdégbà bá délẹ̀. Ẹnì kejì ni tèmi. Maria Ovsiankina lorúkọ rẹ̀, 1928 ló gbé tirẹ̀ jáde. Ó fún àwọn èèyàn níṣẹ́ kékeré, ó dá wọn dúró láàárín, ó fi wọ́n sílẹ̀ láìsọ pé kí wọ́n padà sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà sídìí iṣẹ́ náà fúnra wọn. Kò sí èrè nínú rẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó rán wọn. Nǹkan tí a bẹ̀rẹ̀ tí kò parí a máa pe èèyàn padà.

Àwọn tó ń kọ eré mọ èyí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá tún padà wo eré tó bá mú yín, ẹ fiyè sí ibi tí ìdáhùn máa ń wà. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín ní ìparí apá kìíní, kì í pẹ́ rárá kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀ ní apá kejì. Ìlẹ̀kùn ṣí, òkú ẹnì kan ló wà níbẹ̀, tàbí ológbò ni, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa rọra gbẹ́ kòtò tuntun títí ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ yín lè há síbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n pè ní ìparí, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ò parí jù lọ. Àwa sì ni a máa ń sọ pé, “Tí apá yìí bá parí, màá dìde.” Ibi tó ṣòro jù lọ la yàn láti dìde. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, màá padà sórí rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà, ní 2017. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ 51, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní eré kan náà tó ní apá mẹ́fà. Ìpín kan ń wo apá kan lọ́sẹ̀, ìpín kejì ń wo apá kan lójúmọ́, ìpín kẹta wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìjókòó kan. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n parí, àwọn aláwòmọ́jú ló rántí eré náà jù. Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá gbọ́ ibi tá a dé yìí nìkan á ní ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún pè wọ́n padà lẹ́yìn 140 ọjọ́. Àwọn aláwòmọ́jú yìí náà ni ìrántí tiwọn ti jò jù, ó ti dà bí omi inú ajere. Àwọn tó ń wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìrántí tiwọn jò kéré jù.

Èyí tó wá dùn mí nìyí: àwọn tó wò ó tán ní ìjókòó kan ló sọ pé eré náà kò dùn tó bí àwọn yòókù ṣe sọ. Eré kan náà ni o! Èèyàn 51 kì í ṣe gbogbo ayé, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni gbogbo wọn, nítorí náà mi ò ní sọ pé bó ṣe rí lára gbogbo ẹ̀dá nìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé ó jọ tèmi. Ẹ bi mí ohun tí ọlọ́pàá yẹn rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òkú ni àbí ìyàwó rẹ̀ ni? Mo ti gbàgbé pátápátá. Ohun tó gba oorun lójú mi lọ́jọ́ yẹn, oṣù díẹ̀ péré sì ni, kò tiẹ̀ ṣẹ́kù sí mi lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti oorun náà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jáde lápò wa jù. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà bi àwọn àgbàlagbà tó ju 2,000 lọ léèrè, ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́wọ́ pé àwọn ti pàdánù oorun rí nítorí wíwo apá eré lórí apá. Ọwọ́ tẹ́ ẹ nà sókè lẹ́ẹ̀kan ò jọ mí lójú, ẹ ò rí i pé a pọ̀.

Àwọn kan á ní ìmọ́lẹ̀ ló ń fa ìṣòro, wọ́n á ra awò tó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù, wọ́n á yí ojú fóònù sí ààwọ̀ osàn. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú wa lóru a máa sọ fún ọpọlọ pé ojúmọ́ ò tíì kúrò, ọpọlọ á sì fa ọwọ́ melatonin sẹ́yìn, èyí tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òru ti lẹ́. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Ní 2017, Liese Exelmans àti Jan Van den Bulck ṣèwádìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ 423 ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 25. Ìdá 80 ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní aláwòmọ́jú ni àwọn. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣe é tó ni oorun wọn ṣe ń burú tó, tó ń rẹ̀ wọ́n, tí oorun ò sì fẹ́ gbé wọn. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé ọkàn wọn ò tíì dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbórí lé ìrọ̀rí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Èèyàn ti pa tẹlifíṣọ̀n, ó ti pa iná, ó ti di ojú, ó sì ń bá ọlọ́pàá wá apànìyàn kiri nínú òkùnkùn: “Ṣé kì í ṣe akọ̀wé yẹn? Ó dájú pé ó mọ nǹkan kan.” Awò wo ló máa dí ìyẹn?

Ó kéré tán, wákàtí méje làwọn oníṣègùn ní kí àgbàlagbà máa sùn. Ẹni tó wo eré di aago mẹ́ta tó jí ní aago mẹ́fà ti jẹ gbèsè mẹ́rin. Gbèsè yìí kì í sì dúró jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò sùn tó á máa kanra mọ́ni láìnídìí, iṣẹ́ tó yẹ kó fi wákàtí kan ṣe á gbà á ní méjì, nígbà tílẹ̀ bá sì ṣú, ara rẹ̀ ò ní gbé nǹkan míì ju kó tún jókòó wo eré lọ. Ó yí po bí àkùkọ tí wọ́n so mọ́ òpó.

Nípa jíjókòó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí mi ò lè fò. Ní 1940, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí London, àwọn èèyàn ń sùn lórí ìjókòó nínú ibi ààbò abẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn lórí àga alákànpọ̀ tí wọ́n fi aṣọ ta, tí igi iwájú rẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn itan. Keith Simpson, dókítà tó ń yẹ òkú wò, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí bọ́ǹbù kò bà, tí wọ́n dìde láàárọ̀, tí wọ́n ṣubú tí wọ́n kú. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ló ṣí kúrò, ó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí a bá ń rìn, ẹran ojúgun wa ló ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tí a bá jókòó fún wákàtí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ń fún un.

Ní Japan, wọ́n tọ ipasẹ̀ èèyàn tó lé ní 86,000 fún nǹkan bí ọdún 19. Ní 2016, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ wà nínú ewu kí irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ pa wọ́n, ju àwọn tí kì í wò tó wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù jù: nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn, àwọn 59 ni ikú náà pa. Ikú tó ṣọ̀wọ́n ni. Àmọ́ bí ẹ bá dìde rìn yí ká yàrá lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, kò ní gbà yín lówó.

Àbí ká wá sọ pé eré ò ṣe wá lóore kankan? Rárá o. Ní 1956, Donald Horton àti Richard Wohl kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ṣọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ apá kan tí ẹnì kejì ò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dá wà lè rí ìtura níbẹ̀, mi ò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ìyá àgbàlagbà kan tí ìdílé inú eré kan dà bí ìdílé tirẹ̀, ó máa ń bá wọn wí, ó máa ń kì wọ́n nílọ̀, ó sì máa ń kí wọn pé ó dàárọ̀. Nígbà tí eré náà parí pátá, ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n kó ilé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìjókòó méjì wo sáà mẹ́rin, ó ti fi ìjókòó méjì náà bá ọ̀rẹ́ pàdé, ó sì ti fi sìnkú rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká ṣọ́ra ni ibi tá a ti ń sọ pé àwòmọ́jú ló sọ ẹnì kan di ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló rí i pé àwọn méjèèjì máa ń wà pa pọ̀. Èwo ló ṣáájú? Ẹni tí ìbànújẹ́ bá a ní ọwọ́ alẹ́ lè sá wọ inú eré. Ẹni tó sùn wákàtí mẹ́ta lè jí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa ti ara wọn. Robert Kubey àti Mihaly Csikszentmihalyi, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan ń pe àwọn èèyàn láàárín ọjọ́ láti bi wọ́n bó ṣe ń ṣe wọ́n, kọ ọ́ ní 2002 pé ara máa ń tu èèyàn bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tó bá ti pa á, ìtura náà á bá a lọ, àárẹ̀ ara àti ojú tí kò là dáadáa lá sì ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti pa á. Ọwọ́ tó ń lọ sí bọ́tìnì ti mọ̀ pé ohun tó wà lódì kejì kò dùn.

Ṣé àìsàn wá ni? Nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àìsàn lẹ́sẹẹsẹ láti 2022, ìṣòro eré géèmù wà níbẹ̀, àwòmọ́jú kò sí níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Tá a bá pe gbogbo ẹni tó wo eré di òru ní aláìsàn, kí la ó pe ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń ké tí kò gbọ́, tó mọ̀ pé ó yẹ kóun dìde tí kò sì lè dìde láti oṣù mẹ́fà? Kí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ rí oníṣègùn, kí wọ́n sì wo ohun tó ń sá fún, torí ó ṣeé ṣe kí eré jẹ́ ibi tó sá sí lásán.

Fún àwa tó kù, mo ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sápò. Ẹ yọ ọ́ wàyí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wa ni pé ká ní ìkóra-ẹni-níjàánu, ká wo apá kan, ká dìde tó bá parí. Mo gbìyànjú ẹ̀, mo ṣubú léraléra. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ibi tí mo ti ń gbìyànjú àtidìde ni kò dáa. Nísinsìnyí, mo kọ́kọ́ lọ sínú ètò ẹ̀rọ náà, mo pa ohun tó ń jẹ́ kí apá tó kàn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, mi ò dúró ní ìparí mọ́. Àárín ni mo ń dúró sí.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Apá kìíní parí, ọlọ́pàá ti di ilẹ̀kùn mú. Èmi fúnra mi ni màá tẹ apá kejì. Màá wo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí, mo rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àyà mi balẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ò tíì gbẹ́ kòtò mìíràn. Ẹnì kan ń wakọ̀ lọ, ẹnì kan ń tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn, kò sí wàhálà kankan. Ibẹ̀ ni mo ti ń pa á, láàárín gbólóhùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dà bí ìwà ọ̀yájú. Àmọ́ mo dé orí ibùsùn, kò sẹ́ni tí mò ń lé kiri nínú òkùnkùn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń wò ó lè má fara mọ́ ọn. Ìyàwó mi ní kò sí aṣiwèrè tó ń pa tẹlifíṣọ̀n láàárín ọ̀rọ̀. A jà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. A wá fi àdéhùn sí i: eré tá a jọ ń wò, òun ló ni rímóòtù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ́ wo apá tó kàn lẹ́yìn ẹnì kejì. Níwọ̀n ìgbà tí òun ti máa ń sùn lọ kí apá kìíní tó parí, a ò tíì kọjá apá kan lálẹ́ láti ìgbà náà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó sún mọ́ ọ̀gbẹ́ni ẹ̀yìn yẹn bá mi rọra jí i.